Àyè Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Claudette

Mignon, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó tì mí. Gbé àwọn ìwé ilé-ìwé tí o kó dání yẹn sílẹ̀ ná. Láti àárọ̀ lo ti ń bi mí bóyá ilé-ìwé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ló dáa fún ọmọ rẹ, àbí ṣátà, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba fi lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Mi ò lè dá ọ lóhùn láìjẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe nígbà tó kàn ọ́. Dókítà ti sọ tirẹ̀, o gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

O rántí Àǹtí Claudette, ìyá Janelle. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tí mi ò fojú kàn án, kò sì sí Mọ́ńdè kan tí mo gbé ẹ̀wà pupa kaná, bí ìṣe ìlú yìí, tí mi ò ronú kàn án. Iwájú ilé la ti máa ń jẹ ẹ́, èmi àti òun, abọ́ lórí itan, ẹ̀rín lẹ́nu. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Mignon. Ó ń sọ mí ju ti bàbá rẹ lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí.

A jọ lọ yẹ àwọn ilé-ìwé wò ni. Lọ́dọ̀ àwọn Sísítà, ilẹ̀ ń dán gbinrin. Claudette yọ́ sọ ọ́ sí mi létí pé, "Odile, bí ọmọ bá sín níbí, wọ́n á fi kún owó ilé-ìwé ni o!" Mo rẹ́rìn-ín títí Sísítà fi wò wá láwòmọ́jú. Nígbà tí a dé ṣátà, àwọn ọmọ ń fọn fèrè idẹ yípo pápá, ẹsẹ̀ wọn ń lọ déédéé. Claudette di ọwọ́ mi mú. "Èyí ni o! Ibí ni àwọn méjèèjì ń lọ."

O mọ ìlú yìí. Bí ará New Orleans bá bi ọ́ níbo lo ti kàwé, ilé-ìwé girama ló ń bèèrè, títí o fi máa kú. Bí mo bá dárúkọ tèmi, wọ́n á kàn ní "ẹn-ẹ́n", wọ́n á yíjú. Mo fẹ́ kí o ní orúkọ tí o lè dá láìtẹ orí ba.

Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ níbẹ̀, kò sì mú yín. Wọ́n kọ yín mọ́ àwọn tó ń dúró de àyè: Janelle ìkẹta, ìwọ ìkẹrin. Nọ́ńbà mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù méjèèjì, torí òtẹ́ẹ̀lì tí Claudette ti ń tún yàrá ṣe máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ó ní, "Má da ara ẹ láàmú, jàre. Bí Janelle bá ti wọlé, màá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi mú Mignon." Á sì ṣe é.

Wọ́n pe àwọn méjì àkọ́kọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án gangan, fóònù mi dún. Obìnrin kan ní àyè ti yọ fún Janelle Honoré, pé ṣé ìyá rẹ̀ ṣì fẹ́ ẹ, pé àwọn ń fẹ́ èsì kó tó di aago márùn-ún. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi máa dé òtẹ́ẹ̀lì. Mo mọ̀. Mo ní, "Rárá o, ilé-ìwé àwọn Sísítà ni wọ́n mú." Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Kò pé wákàtí kan tó tún pè. "Mignon Narcisse ńkọ́?" Mo ní, "A fẹ́ ẹ."

Má fa ọwọ́ rẹ yọ. Tóò, fà á yọ. Ìyẹn kọ́ ló burú jù.

Nírọ̀lẹ́, Claudette gba ọ̀dọ̀ mi wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára. "Ṣé wọ́n pè?" Mo ní wọ́n pè, pé wọ́n mú ọ, pé wọ́n fo Janelle torí ìwé owó iná mànàmáná tó ń fi àdírẹ́sì hàn ò sí nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Mo fi síbẹ̀ o, Odile. Àbí mi ò fi síbẹ̀? Jẹ́ n lọ bá wọn lọ́la."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ò gbà."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí. "Háà! Èmi ni mo ba tọmọ mi jẹ́." Mo sì jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ìkà ni mí. Mo dì mọ́ ọn, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá, aláwọ̀ ilé-ìwé náà. Ó ti rán an sílẹ̀ de Janelle láti ọjọ́ tí a ti gba fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Fún Mignon. Kó má ṣòfò." Òun lo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. O ní ó fún ọ níbàdí, mo ní kí o fà á sókè.

Agbára Claudette ò ká owó àwọn Sísítà. Ó rán Janelle lọ kàwé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Houston, kó sì tó di Kérésì, òun náà tẹ̀ lé e. Ó ní òun ò lè máa sùn nílé tí ọmọ òun ò sí.

Ilé-ìwé tó bá wù ọ́ ni kí o mú fún ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe gba ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni du àyè rẹ̀, ọmọ mi. Mo ṣe é, mo rí i gbà, mi ò sì rí ẹni bá rẹ́rìn-ín mọ́.

Lánàá mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi pe Claudette. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló figbe ta. "Odile! Odile tèmi! Mò ń bọ̀ ní Sátidé, Janelle ló máa wà mí wá." Mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní wá mọ́, mo sì fẹ́ rí i. Olúwa ló mọ bí mo ṣe fẹ́ rí i tó.

Bí mo bá wà di Sátidé, èmi ni màá sọ ọ́. Bí mi ò bá sí, lọ pàdé rẹ̀ níta. Má sọ pé torí rẹ ni mo ṣe ṣe é. Sọ pé wọ́n pè, pé mo gbé fóònù, pé mo ní Janelle ò fẹ́ àyè náà. Sọ pé ìwé iná wà nínú fọ́ọ̀mù, pé kò gbàgbé nǹkan kan. Bá mi tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n má fi dandan lé e. Kí o ṣáà rí i pé o sọ gbogbo rẹ̀ tán, Mignon, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún mi.