Ọwọ́ Ìyàwó Mi Ló Sọ Ẹ̀ṣẹ̀ Mi

Ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà fún ìgbà pípẹ́, mo fẹ́ kí ó dìde lónìí kó máa lọ. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ìyàwó mi fa ọkọ rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ti ràn lọ́wọ́ rí kì í kí i dáadáa mọ́. Àbúrò mi obìnrin pàápàá sọ lójú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ṣe irú èyí sí yín, ẹ ṣì ń jẹun ọwọ́ ẹ̀?" Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni dídákẹ́ yẹn náà, ẹ kà á mọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn lè mọ ẹni tó yẹ kó bú.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mo ń ṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi, ọkùnrin kúkúrú kan tí a ń pè ní Bàbá Aláwò nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn, ní òfin kan tí kò fi ṣeré. Bí oníbàárà bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, atúnṣe gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. "Má wo òkè, má dijú," ni Bàbá Aláwò máa ń wí. "Kọ ẹ̀yìn. Jẹ́ kó rí ìpàkọ́ rẹ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀." Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, mo fi òfin yìí yọ àwọn ọmọṣẹ́ mi lẹ́nu débi pé wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Ìpàkọ́ lẹ́yìn mi. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mo rò pé ó yẹ mí.

Ògbufọ̀ àwọn adití ni ìyàwó mi. Bí adití bá ní ẹjọ́ ní kóòtù, tàbí tó fẹ́ rí dókítà, òun ni wọ́n máa ń pè, yóò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sọ ohun tí ẹlẹ́nu bá sọ. Òun náà ní òfin tirẹ̀: ohun tí wọ́n bá sọ ni yóò sọ, kò ní fi iyọ̀ sí i, kò sì ní yọ egungun rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, dókítà kan kanra, ó bú adití tó wà níwájú rẹ̀, ó rò pé kò ní gbọ́. Ìyàwó mi fi ọwọ́ sọ èébú náà láti orí dé ìdí. Dókítà figbe ta: "Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ ìyẹn fún un?" Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Dókítà, ṣé ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́?" Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn débi pé mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi. N kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kàn mí.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá nìkan rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí mo bá wọlé, á pa á dé. Owú gbé mi mì. Mo ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Dípò kí n la ẹnu mi béèrè bí ọmọlúàbí, mo lọ bá Wáyà. Èmi àti rẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Aláwò, ṣùgbọ́n òun ti fi títúnṣe sílẹ̀, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣe amí inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ló ń tà. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kò le rárá. Bó o bá ti gbé e síbẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń ṣe ni wà á máa rí lórí fóònù ẹ." Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ẹ náà kọ́ ni? Ta ló máa mú ẹ?"

Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí n bá a gbọn eruku inú rẹ̀. Ó gbé e wá. Nígbà tó fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà: kọ̀ǹpútà kan tó ti kú wà níwájú mi, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Inú rẹ̀ ni mo ti ń wo ìka ìyàwó mi. Ó rí ìpàkọ́ mi, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Bó ṣe lọ tán, mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà, mo gbé ètò Wáyà sínú rẹ̀, mo sì ń wo ohun tó ń ṣe lórí fóònù mi. N kò rí ọkùnrin kankan. Ohun tí mo rí ni pé ìyàwó mi ń ya àwòrán. Ó ń mú àwọn òfin tí ọ̀rọ̀ wọn le bí òkúta, ó ń sọ wọ́n di àwòrán tí adití tí kò kàwé púpọ̀ lè wò kó yé e. Kò mọ àwòrán yà, ojú sì ń tì í, ìdí nìyẹn tó fi ń pa á dé. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí iṣu tó wọ ṣòkòtò. Àwọn ni òun àti káfíńtà obìnrin kan, adití tí wọ́n jọ ń ṣe é, máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbi tí mo fara pamọ́ sí, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún ń yangàn pé èmi ni ọkọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, òfin tó ń yà ni èyí tó de àwọn tó ń gbé ètò aṣebi sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ó ya ọkùnrin kan tó ń gba fèrèsé wọ inú kọ̀ǹpútà. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Bí ẹni tó ni ín kò bá gbà, ọ̀daràn ni ọ́. Ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ì báà jẹ́ aya rẹ." Mo ti gbúròó òfin yẹn tipẹ́, kò wọ̀ mí létí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wo ti ìyàwó mi, ó sì yé mi. Mo ní n óò yọ ètò náà kúrò lọ́la. Ọ̀la ò dé.

Lẹ́tà ló dé sínú kọ̀ǹpútà ìyàwó mi. Iléeṣẹ́ ńlá kan ní ìlú tó jìnnà fẹ́ kó wá ṣe ọ̀gá níbẹ̀, kó máa sọ gbogbo òfin orílẹ̀-èdè di àwòrán fún àwọn adití. Mo rí i kí òun tó rí i. Ẹ̀rù bà mí pé á lọ, tàbí kó mú mi lọ, kí n wá di ọkọ ìyáàfin tí kò ní oníbàárà kan. Mo wọlé ní orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé, "Mo dúpẹ́, mi ò ní lè wá." Mo pa lẹ́tà wọn rẹ́. Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó yá ó sọ fún mi pé, "Ibì kan wà tí mo kọ̀wé sí, Dádì. Wọn ò dá mi lóhùn. Bóyá mi ò dáa tó." Mo fà á mọ́ra, mo ní, "Má da ara ẹ láàmú, ìyá wọn. Wọ́n á ti rí ẹlòmíì ni." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ tó máa tù mí lára." N kò mọ ohun tí mo lè ṣe láyé mi tó burú ju gbígbà tí mo gba ọpẹ́ yẹn lọ.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá sí kíláàsì tó fẹ́ fi àwòrán náà kọ́ àwọn adití. Ó ní àwọn èèyàn á fẹ́ bi ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè. Mo lọ. Yàrá náà kún, ẹnikẹ́ni kò pariwo, ojú gbogbo wọn wà lára mi. Káfíńtà obìnrin yẹn dìde, ó fi ọwọ́ béèrè. Ìyàwó mi yí i sí ohùn: "Ó ní báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tó gbé ètò aṣebi sínú kọ̀ǹpútà ẹni?" Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n ra ètò ààbò. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ bi ẹni tó ń bá yín tún un ṣe." Ọwọ́ ìyàwó mi sọ ọ́. Mo ní, "Èmi ni mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà ìyàwó mi." Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní lẹ́tà tó ń retí dé, pé èmi ni mo dá wọn lóhùn lórúkọ rẹ̀ pé kò ní wá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dé àgbọ̀n rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kò sì fi èébú kan kún un, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ sí i kó fi kún un. Mo ti gbọ́ ìròyìn akíkanjú nínú ogun àti nínú ìtàn, n kò tíì rí irú obìnrin yìí.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ parí?" Mo ní mo parí. Ìgbà náà ló tó nu ojú rẹ̀. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun kàn tẹ̀ lé mi ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi í pé, "Ẹ̀yin àti ọkọ yín ò lè parí ẹ̀ nílé?" Ó ní, "Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíì pé òfin sọ nìyẹn, ọ̀gá. Kò sọ pé àyàfi ọkọ mi." Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí àdúgbò ń tìtorí ẹ̀ bú u nìyẹn. Mo ṣẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀, wọ́n mú Wáyà náà. Iléeṣẹ́ yẹn ti gba ẹlòmíràn, ipò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Síbẹ̀ kò dáwọ́ àwòrán dúró. Ó kàn fi irùngbọ̀n bíi tèmi sí ọkùnrin ojú fèrèsé ni, káfíńtà sì fẹ́ fi ẹ̀rín kú.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tiyín ni. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ lọ bẹ ìyàwó mi. Èmi náà ṣì ń bẹ̀ ẹ́, kò sì tíì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lánàá, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, láì jẹ́ pé mo pè é. Ó ní ó ń gbóná. Ó gbé e kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi." Mo kọ ẹ̀yìn. Mo ti kó gbogbo ohun tó ń dán kúrò níwájú ibẹ̀, ògiri lásán ló kù. Mo ń wo ògiri náà, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú.