"Iná ti lọ"

Èmi kì í sọ pé "iná ti lọ" mọ́, láti ọjọ́ kan, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta wáyà ní Ọ̀tìgbá, tí ọkùnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, tí wọ́n fi báńdéèjì di ọmọ náà lọ́wọ́.

"Dádì, ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí?"

"Èmi ni, Mà. Ìyá rẹ̀ ń lọ síṣẹ́ ní Orégùn, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Mò ń to rédíò kékeré kan jọ."

"Ẹ wá jẹ́ kó dé ìdí irin gbígbóná tẹ́ ẹ fi ń lẹ wáyà?"

"Mo ti kọ́ ọ, Mà! Tó bá ti nawọ́ sí i, màá ní, 'Iná!' Á sì sá sẹ́yìn. Kò fọwọ́ kàn án rí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n mú iná lánàá. Gbogbo ilé pariwo, 'Háà, iná ti lọ!' Èmi náà pariwo. Mo yíjú láti ṣí fèrèsé kí n lè ríran..."

Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ó gbà yín gbọ́!"

"Ó di irin náà mú, Mà. Kò tíì tutù rárá."

"Olúwa ò! Ọmọ kékeré!"

"Ó ń ké, ó na ọwọ́ náà sí mi, ó sì ń sọ ọ́ léraléra, bíi pé èmi ni mi ò gbọ́: 'Iná ti lọ. Ti lọ.'"