Orúkọ Tí A Yọ Kúrò

[Ẹni tó pè: Adéṣẹwà, Adó-Èkìtì. Ẹni tó gbé e: Fúnkẹ́mi, Ìyá Níìfẹ́mi, ará Ìjan-Èkìtì.]

ADÉṢẸWÀ: Ẹ̀ló! Ìyá Níìfẹ́mi, ẹ kú ọ̀sán o. Ulé ńkọ́?

FÚNKẸ́MI: A ò sí ní ulé. Ta nìyẹn?

ADÉṢẸWÀ: Adéṣẹwà ni, láti Adó. Èmi tí mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín nípa website ojú ọmọdé —

FÚNKẸ́MI: Hẹn. Aǹtí tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù.

ADÉṢẸWÀ: [ẹ̀rín] Èmi náà ni! Àwọn ìyá ti ń gbọ́ ọ dé Ìyìn. Ẹni tí ò kàwé á kàn tẹ àwòrán, ohùn mi á máa ṣàlàyé. A fẹ́ gba testimony yín sí i. Voice note lásán — ṣé ẹ gbọ́ mi?

FÚNKẸ́MI: Mo gbọ́. Ojú wo ni kí n jẹ́rìí sí? Èyí tí wọ́n yọ lọ́jọ́ Tuesday, àbí èyí tó kù?

ADÉṢẸWÀ: Wọ́n yọ — yéè! Níìfẹ́mi?

FÚNKẸ́MI: Ọmọ ọdún méjì. Nínú fọ́tò ìkórè la ti rí i, ojú kan ń tàn funfun bíi ti ológbò. Mo tẹ àwòrán yín. Ẹ ní "àìlera ojú". Ìyá ọkọ mi ní ṣebí àpólò náà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta la fi ń kán egbògi kẹ́mísìtì sí i.

ADÉṢẸWÀ: Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n tètè —

FÚNKẸ́MI: Ta ní í tètè nítorí àpólò?

ADÉṢẸWÀ: Orúkọ àrùn náà gan-an wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹ̀yin ìyá lẹ ní ká yọ ọ́. Ẹ ní a kì í pe irú ẹ̀ lé ọmọdé lórí. Bó ṣe ń dún lẹ ń pa fóònù —

FÚNKẸ́MI: Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, Aǹtí. Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Ẹ fẹ́ tẹ́ wa lọ́rùn, ojú ọmọ mi ló bá a lọ.

ADÉṢẸWÀ: [ẹkún] Ẹ má bínú. Lónìí yìí ni màá dá orúkọ náà padà —

[Ìlà ń ha, ohùn ń já.]

FÚNKẸ́MI: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ń yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò báyìí ní ọsibítù, bóyá àrùn náà ti débẹ̀. English ni gbogbo wọn ń sọ sí mi. Ohùn yín ni mo gbà gbọ́. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ kí n gbọ́.

ADÉṢẸWÀ: Ìyá Níìfẹ́mi —

FÚNKẸ́MI: Ẹ pè é!

ADÉṢẸWÀ: Jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ ojú. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

FÚNKẸ́MI: Ẹ̀ló? Ẹ̀ló?

ADÉṢẸWÀ: Jẹjẹrẹ! Mo ní jẹjẹrẹ ni!

FÚNKẸ́MI: Ẹ tún dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè pè é.

[Ìlà já.]