Àtẹ́wọ́ Tó Gbé Mi Dé Ìdí Okùn

Okùn ni wọn yóò fi pa mí. Ọjọ́ tí yóò jẹ́ ni n kò mọ̀, nítorí wọn kì í sọ fún wa. Adájọ́ ti dá tèmi, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ìwé kan ló kù tí gómìnà yóò fọwọ́ sí. Ní òwúrọ̀, bí bàtà wọ́dà bá ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo wa á dákẹ́. Bó bá kọjá, ẹnì kan á wúkọ́, ọ̀rọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi kí èrò dákẹ́ dè mí. Ní báyìí, ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń bẹ̀rù jù lọ.

Mo pa Súlè ọmọ Ìlérò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, bí ẹ bá gbọ́ tí apànìyàn kan ń ní èṣù ló ti òun, ẹ sọ fún un pé èmi tí mo ṣe é kò rí èṣù níbẹ̀. Ara mi nìkan ni mo rí.

Ṣakí ni wọ́n ti bí mi. Baba mi ń gbin iṣu àti tábà, ó sì fẹ́ kí n jogún oko. Ọkọ́ kò wù mí, eré ló wù mí. Mo wọ ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé kan tó ń káàkiri Òkè-Ògùn, nígbà tí tẹlifíṣàn kò tíì pọ̀ nílé àwọn èèyàn. Bọ́ọ̀sì gbígbó kan ni a fi ń rìn. A ó di pákó, aṣọ, ẹ̀rọ amúnáwá àti ara wa mọ́ inú rẹ̀, eruku á sì kùn wá títí ìpéǹpéjú wa á fi pọ́n. Ìlú mélòó ló ní gbọ̀ngàn? Ilé ẹ̀kọ́ ni a máa ń lò jù. A ó to tábìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, a ó tẹ́ pákó lé e lórí, a ó ta aṣọ ìkélé, yàrá ìkàwé á sì di ààfin. Ibi tí a bá ti ṣeré náà la ó sùn, kí a tó palẹ̀ mọ́ de àwọn tíṣà.

Ọ̀gá wa kì í kọ eré sílẹ̀. Yóò pè wá jókòó, yóò ro ìtàn náà fún wa, yóò sì pín ipò: ìwọ lọba, ìwọ lolorì. Ọ̀rọ̀ tí o máa sọ, o ó wá a fúnra rẹ. Òfin kan sì wà. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹlòmíràn á bá a ṣe ipò rẹ̀. Bí èrò bá wá pàtẹ́wọ́ fún ẹni yìí ju onípò lọ, ipò ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe gba ipò Ọkọ Ọ̀lẹ nìyẹn, nínú eré tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Bí Súlè náà sì ṣe gbà á lọ́wọ́ mi nìyẹn, nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní Kòmu.

Súlè kéré sí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń dúró kojú èrò. Nígbà tí ara mi yá, ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ní kí n dá a padà, màá lọ bẹ Ọ̀gá.”

“Ṣé ìyàwó mi lo gbà ni? Máa ṣe é, jàre.”

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sọ ọ́. Inú mi ń jó bí iná ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá wá fi mí sí ipò baba ìyàwó, àgbàlagbà kan tó kàn ń jókòó tó ń mi orí.

Nígbà tí a wà ní Ìlérò, mo lọ wẹ̀ lódò, mo sì rí wèrèpè tó so sórí igi. Ẹ̀yin ará oko mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi ewé bo ọwọ́, mo já díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé eré lásán ni: kí ara sáà yún un, kí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, kí èrò hó lé e lórí, kí Ọ̀gá sì rántí mi. Mo fi ra inú dàńṣíkí tó máa wọ̀.

Súlè jáde síwájú èrò, kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ó fi ẹ̀yìn gbo òpó. Ó já ìrùkẹ̀rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ọba, ó fi họ abíyá. Ẹlòmíràn ìbá ti sá wọlé, ṣùgbọ́n òṣèré ni Súlè. Ó yí sí mi, ó kúnlẹ̀. “Bàbá Ìyàwó, ẹ dákun, ẹ bá mi họ ẹ̀yìn. Ọ̀lẹ kọ́ ni mí o, oko ni ara mi kò gbà.” Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo họ ọ́. Wèrèpè gun èmi náà lọ́wọ́, mo ń jó lórí ìtàgé, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì kan fi dá.

Nígbà tí a wọlé, Ọ̀gá dì mọ́ ọn. “Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni wàá máa ṣe é láti òní lọ.”

“Ọ̀gá, nǹkan kan ló wà lára aṣọ yẹn o.”

“Ohun yòówù kó wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìlú tí a bá dé ni gbohùngbohùn ọkọ̀ wa ti ń kéde Ọkọ Ọ̀lẹ alára yíyún. Ìkà mi ti di òkìkí Súlè, èmi ni mo sì ń họ ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n. Ràmọ́tà ìyàwó Súlè, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́, kì í se oúnjẹ kó má bu tèmi. Bí mo bá ti jẹ ẹ́ tán, mo tún ń bínú sí i.

Ọdún Iléyá bá wa ní Ṣakí. Ìyá mi ní, “Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ọkọ Ọ̀lẹ kan káàkiri. Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Alhamdulilahi. Gbogbo ilé wa la ń bọ̀ wá wò ọ́ lọ́la.”

Irọ́ yẹn kò tóbi jù fún mi láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gba abà baba mi lọ, níbi tí oògùn kòkòrò tí ó ń fọ́n sí tábà wà. Mo mọ̀ pé májèlé ni, baba mi kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ìtòsí rẹ̀. Mo ní díẹ̀ ni màá lò, kí inú sáà run Súlè, kí n lè bọ́ sípò rẹ̀ lójú ìyá mi. Mo ra fúrá lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, mo po oògùn náà mọ́ ọn, mo gbé e fún Súlè.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àánú mi máa ń ṣe yín.” Ó mu ún tán.

Mo retí kó dùbúlẹ̀, kò dùbúlẹ̀. Ó wọṣọ, ó jáde sórí ìtàgé. Àárín ibi tó ti ń họra gan-an ni nǹkan náà ti dé sí i. Ó ká kò, ó di ikùn mú, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Èrò hó yèè, wọ́n rò pé àrà tuntun ló tún gbé dé. Ó fà mọ́ mi lẹ́sẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, inú mi.” Orúkọ tó ń pè mí lórí ìtàgé kọ́ nìyẹn. Èmi nìkan nínú ilé náà ni mo mọ̀ pé eré ti tán.

Ìyá mi wà ní iwájú, ó ń fi gèlè nu omijé ẹ̀rín. Ó ti rí i pé mo purọ́; bí mo bá kígbe, yóò mọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Súlè, mo gbóhùn sókè: “Ọkọ ọmọ mi, iyán tí o ń jẹ láìroko ló ń jà nínú rẹ!”

N kò pa èrò lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Wọ́n fa aṣọ ìkélé. Wọ́n gbé Súlè lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ràmọ́tà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀gá wa rò pé ooru ló mú un. Ó kọjú sí mi: “Ìwọ, wọ aṣọ rẹ̀, ká parí eré.” Ọkọ̀ wa wà lẹ́nu géètì, ilé ìwòsàn kò sì jìnnà. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Mo wọ dàńṣíkí náà, ó tutù fún òógùn rẹ̀, mo sì jáde. Mo ṣe é dáadáa. Ìyá mi dìde dúró, ó ń wí fún àwọn tó yí i ká pé ọmọ òun nìyẹn. Nígbà tí Ràmọ́tà figbe ta ní ọ́fíìsì náà, àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún igbe náà.

Òkú Súlè ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà bi Ràmọ́tà ní ohun tí ọkọ rẹ̀ jẹ. Ó ní fúrá tí ẹ̀gbọ́n fún un ni. N kò jiyàn.

Ní kóòtù, mo ní n kò fẹ́ kó kú. Adájọ́ bi mí. “Nígbà tó ń rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí lo sọ fún un?” Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ gan-an. Mo sọ ọ́. Ìyá mi wà níbẹ̀. Kò tíì wá wò mí láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú èrò jẹun, n kò ní kí ẹ má jowú, nítorí owú kì í gba ìmọ̀ràn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ yín bá ti ṣe ibi, tí ẹnu yín ṣì lè sọ ọ́, ẹ sọ ọ́. Kí ojú tì yín níwájú ìyá yín. Kí wọ́n lé yín nínú ẹgbẹ́. Kí ìlú fi yín ṣẹ̀sín títí ó fi máa sú wọn, nítorí yóò sú wọn. Súlè ṣì ń mí nígbà tí mo ń wọ aṣọ rẹ̀ sọ́rùn.