Ohùn Ìyá Mi Tó Kù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé mi dìde lórí ẹní tí mo sùn lé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ẹ má bínú bí mo bá ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọpẹ́ ni mo wá dú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Pólì, ẹ mọ̀ pé mò ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé tẹ iṣẹ́ wọn. Laptop mi ti darúgbó, ètò tó bá a wá ti wúwo jù fún un, ni wọ́n bá bá mi fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ Linux sí i, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni ẹ̀rọ lára.

Mùsùlùmí ni ìyá mi, ọmọ agbo ilé àtijọ́ níbí ní Ẹdẹ. Ilé ọkọ ló sọ èmi di Kìrìsìtẹ́nì, ìyá mi ò sì torí ìyẹn bá mi jà rí. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á pè mí ní Àṣàkẹ́, wọ́n á kì mí, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú.

Nígbà tí kókó yọ sí wọn lọ́fun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbújá. Àwọn dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, àti pé ohùn wọn lè má padà. Mo rò ó títí. Tí ohùn yẹn bá lọ, ta ló máa kì mí? Mo bá ní kí n máa ká ohun tó ń lọ lójú kọ̀ǹpútà mi sílẹ̀, tàwòrán tohùn, nígbàkígbà tí mo bá pè wọ́n lórí fídíò láàárọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Software tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pọ̀ lórí Linux, èyí tí èèyàn máa mú ni mi ò mọ̀. Àkọ́kọ́ tí mo gbé sí i, dúdú ni gbogbo fídíò rẹ̀, bíi pé iná lọ. Brother Délé tó ń mójú tó fídíò ìsìn wa dárúkọ èyí tí wọ́n ń lò níbí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyẹn pọ̀ jù fún mi: ohùn wo ni kó gbà, láti ibo ni. Brother Délé, ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọ́ dànù. Ìkẹta ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo ní irú èyí gan-an ni mò ń wá. Mo dán an wò bí a ṣe máa ń dán máìkì wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní, "Hẹ́lò, hẹ́lò, Jésù ni Olúwa." Mo gbọ́ ohùn ara mi kedere. Látìgbà náà, òun ni mo fi ń ká ìpè wa sílẹ̀, mi ò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, earpiece ni mo máa ń fi sétí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, earpiece yẹn kú. Inú bí mi gan-an. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ohùn laptop sókè tán, mo sì ń ráhùn sí ìyá mi létí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, fi í sílẹ̀. Mo ṣáà ń rí ọ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyá mi ò jí. Ẹ mọ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń sin òkú, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Mo wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Lọ́kọ́jà ni mo dé tí ẹ̀gbọ́n mi pè pé wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n. Mo jókòó sínú mọ́tò yẹn, mò ń sunkún láàárín àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò rí ojú ìyá mi kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Ẹdẹ, mo ṣí àwọn fídíò. Ẹnu ìyá mi ń lọ, ohùn kò jáde. Ohùn tèmi nìkan ló wà níbẹ̀: "Àmín, Ìyá. Àmín." Ohun tó bá wọ máìkì nìkan ni software tí mo mú ń gbà. Ohùn tó ń bọ̀ láti Àbújá, inú earpiece ló ń gbà wọ etí mi, kò dé ọ̀dọ̀ máìkì rárá. Mo ṣí òmíràn, bákan náà ni. Mo pa á dé. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Ọkọ mi ló wà níbí yìí, ẹ bi wọ́n. Mò ń sọ pé èmi ni mo sọ ohùn ìyá mi nù.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ wá sílé, ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ ò ní kí n má sunkún, ẹ kàn jókòó tì mí. Nígbà tí ẹ lọ, mo ní kí n pa gbogbo fídíò yẹn rẹ́, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Mo ní, Olúwa, gba ìbànújẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Mo wá ní kí n wo ojú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ná. Mò ń wo àwọn fídíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ń lọ, ohùn kò sí. Bí mo ṣe dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, mo gbọ́ "Àṣàkẹ́."

Ẹ̀yin ará, earpiece tó kú yẹn ni. Torí pé ohùn wọn jáde síta, máìkì gbọ́ ọ. Ó jìn, ó ń gbọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kì mí, wọ́n ṣàdúà fún èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi. Ohun tí mo torí ẹ̀ bínú ni Ọlọ́run lò fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó jẹun.

Mi ò pa ìkankan rẹ́. Nínú àwọn tó kù, àmín tèmi nìkan lẹ máa gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúà tí mò ń ṣe àmín sí. Gbogbo ògo, tirẹ̀ ni. Ẹ bá mi yọ̀ sí èyí tó kù fún mi. Ẹ sì dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àmín sí àdúà wọn tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà.