Káàdì Aláwọ̀ Eérú Tí Mo Fi Parọ́

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti ríra gbẹ̀yìn, àìsàn sì ti jẹ mí ku egungun. Ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́sí kò dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ lónìí, kí n má gbé e wọ sàréè.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù yín. Èmi ni mo ń ya fọ́tò àwọn ọmọ tuntun, kí dókítà tó wà ní ìlú kejì lè fi àwòrán mọ èyí tí ibà pọ́njú ń bá jà. Kámẹ́rà a máa parọ́: iná gílóòbù a sọ ara ọmọ di pupa rúsúrúsú, ògiri aláwọ̀ ewé a sọ ọ́ di bíi ti òkú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé káàdì aláwọ̀ eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. A mọ bí eérú ṣe ń rí. Bí ó bá pọ́n nínú àwòrán, a ó yọ ìwọ̀n pupa yẹn kúrò lára gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára ọmọ, tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bi mí pé, "Ayàwòrán, káàdì ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí ọmọ tí ẹ sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín, mo gbàgbé káàdì sílé. Mo ya ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó pọ́n rúsúrúsú. Mo ní iná ni. Èmi aláìmọ̀kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá! Ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo ń yọ pupa náà díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ ọmọ fi dùn ún wò. Dókítà kì í sì í gba àwòrán tí kò ní káàdì, ni mo bá gé káàdì inú àwòrán ọmọ mìíràn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Dókítà fèsì pé, "Ara ọmọ dá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé."

Ẹ wá bá mi. Ẹ ní, "Ẹyinjú ọmọ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé káàdì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Mà." Ẹ gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n sáré gbé e padà, ibà pọ́njú ti wọ ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di. Níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé ìwòsàn ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rò pé àṣírí ti tú. Alága ní, "Àwòrán kò ní àbùkù." Ó wá kọjú sí mi: "Ṣé nọ́ọ̀sì sọ ohunkóhun fún ọ nípa ojú ọmọ náà?"

Èyí ló burú jù. Ẹ wò mí, Mà. Ẹ ò tilẹ̀ bẹ̀rù, torí ẹ rò pé màá sọ òótọ́. Mo ní, "Rárá o." Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní ẹ ò kíyè sí ọmọ náà, tí wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Lánàá, mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyá Ẹlẹ́rìn-ín. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì tí mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí, ṣé ó ti gbọ́?"

Mo ní kò tíì gbọ́.

Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ìdí tí mo fi wá nìyí. Lẹ́tà tí mo kọ sí ìgbìmọ̀ rèé, àwòrán àkọ́kọ́ tí mi ò tíì tọwọ́ bọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n tún un sọ lójú gbogbo wọn, Mà, ẹ tètè pè mí. Ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́.