Sóbò Tí Mo Fi Ṣe Sàráà

Adájọ́ ti dá ẹjọ́ mi: kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń retí ọjọ́ náà nínú yàrá tí mo bá na apá méjèèjì, ọwọ́ mi á kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Kì í ṣe nítorí kí ẹ lè ṣàánú mi ni mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́dà kan ló bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ olùkọ́ yìí, báwo lẹ ṣe débí?" Èsì náà gùn, òun ni mo ń kọ yìí.

Olùkọ́ ni mí lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Agége, kì í sì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀yìn nìkan ni. Ọ̀gá wa ló ń mójú tó ẹgbẹ́ lápapọ̀. Tèmi ni àwọn bákì mẹ́rin tó ń dúró níwájú aṣọ́lé. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ni pápá wa wà, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, òórùn ọṣẹ ni a óò máa fà símú títí a ó fi parí eré. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹnu mi le, ohùn mi sì ga. Àwọn ọmọ máa ń sọ pé bí mo bá pariwo "Ẹ padà sẹ́yìn!" ní pápá, àwọn tó ń dúró de reluwé náà á padà sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn àwàdà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ohùn mi yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Gbogbo kóòṣì Èkó ló ń sọ fún bákì pé bọ́ọ̀lù lè kọjá, èèyàn lè kọjá, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ jọ kọjá. Èyí tó jẹ́ tèmi ni pé ìṣọ́ kì í sinmi. Bí ẹni tí ò ń ṣọ́ bá lọ mu omi létí pápá, tẹ̀ lé e. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ tó ń so okùn bàtà, dúró tì í. Kódà bí rẹfirí bá fọn fèrè ìsinmi, bá a rìn, bá a sọ̀rọ̀, kí o mọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn kóòṣì mìíràn ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bákì mi kì í sọ ẹni tó ń ṣọ́ nù.

Ohun kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí mo dé iṣẹ́ náà, a bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti apá Maryland gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ kan nínú wọn sì ń fi àwọn bákì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà ìsinmi, mo fa bákì mi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tí rẹfirí bá ti kọ ẹ̀yìn, tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ọmọ náà wò mí. "Ṣé kò ní fara pa, sà?"

"Ohun tí rẹfirí ò bá rí, kò ṣẹlẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ọmọ Maryland jáde, a sì borí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá wa gbé mi lọ sí Opebi, ó ra súyà fún mi, ó ní mo lọ́gbọ́n lórí. Ó yẹ kí ẹran náà há mi lọ́fun. Kò há mi, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti di olùkọ́ ohun tí rẹfirí kì í rí. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fa aṣọ láìjẹ́ kó nà. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìhà, tí a óò tún na ọwọ́ fún ẹni tó ṣubú bí ọmọlúàbí. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, kí a tó dé fáínà ìdíje ife àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo da oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́ sínú omi tí a fi ṣe aṣọ́lé àwọn tó wá bá wa gbá lálejò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló di ìdí mú tó sáré kúrò lójú ilé, a sì gbá méjì wọlé. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹni tó bá ti fi ìyà ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín báyẹn, kí ló tún kù tí kò lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Múdà fún yín. Mudasírù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Agége. Nínú gbogbo bákì tí mo kọ́ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ọmọ náà ga, ó dákẹ́, kì í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Kò fẹ́ràn ìwà ìgbọ̀nwọ́ yẹn, èmi náà kò sì fi dandan mú un, nítorí kò nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un wá, ọwọ́ bàbá náà ṣì dúdú fún iṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ náà gbá ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Kóòṣì, ọmọ yín rèé. Ibi tẹ́ ẹ bá ní kó dúró sí, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Mo mọ ohun tí mo bí."

Mo ní kí ó má mikàn, ọmọ mi ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti Ìkẹjà ni a bá pàdé ní fáínà. Wọ́n ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Làtífù, góòlù ni tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé rí mú. Ní ọ̀sẹ̀ tí a mọ̀ pé àwọn ni a óò bá gbá, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pè mí. Ọ̀gá wa ń fẹ̀yìn tì. "Tẹ́ ẹ bá gba ife yìí, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sórí àga rẹ̀. Tẹ́ ò bá gbà á, a máa wá ẹlòmíràn láti ìta." Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti wà lẹ́yìn. Tí a bá borí, wọ́n á gbé ọ̀gá sókè, èmi á máa kó kóònù tí a fi ń ṣàmì sí pápá jọ. Àga yẹn wù mí bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún Múdà pé, "Làtífù ni tìẹ. Ibi tó bá lọ ni kó o bá a lọ. Tó bá jókòó, jókòó tì í." Yóò dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, sà."

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn nítòsí ojú irin.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bọ̀ọ̀dá?"

"Mo fẹ́ kó rẹ ẹnì kan ni. Fún wákàtí kan péré."

Ó wọn ìyẹ̀fun kan sínú bébà. "Ṣíbí kékeré kan ti tó o. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín."

Ṣíbí mẹ́ta ni mo dà sí i, nítorí mo rò pé Làtífù tóbi lára, ṣíbí kan ò ní tó o.

Inú ààwẹ̀ Ràmàdáànì ni fáínà bọ́ sí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì fẹnu kò pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a óò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ iná, kí ìsinmi lè bọ́ sí àsìkò ìṣínu. Kirisitẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé Agége tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ohun tó fi ṣínu ti ṣe sàráà ńlá? Ìmọ̀ yẹn ni mo lò. Mo ra ìgò sóbò tútù onígíńjà kan, mo da ìyẹ̀fun náà sí i, mo mì ín pọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ fún Làtífù.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ń gbààwẹ̀. Gbà, kó o fi ṣínu."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. "Há, Kóòṣì! Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á gbà á ní sàráà lọ́wọ́ yín."

Mo ṣe àmín.

Mi ò gbàgbé Múdà náà. Mo ra dàbínù fún un àti omi, mo fi wọ́n sórí bẹ́ńṣì wa. Ohun tí mo gbàgbé ni ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi kọ́ ọ. Ohun tí mi ò sì mọ̀ rárá, nítorí mi ò gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì rí, ni pé aláàwẹ̀ tó bá ní ohun ìṣínu lọ́wọ́ kì í dá a mu tí aláàwẹ̀ mìíràn bá wà nítòsí.

Ìdajì eré parí ní òmì. Rẹfirí fọn fèrè, ládàánì sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí tó wà lódì kejì títì. Làtífù mú ìgò rẹ̀, ó lọ jókòó lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ojú ilé. Múdà kò wá síbi bẹ́ńṣì. Ó tẹ̀ lé e, ó jókòó tì í, bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo rí Làtífù tó ṣí ìgò. Ó na ìgò náà sí Múdà, Múdà mi orí, Làtífù tún nà án sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó hàn pé ó ń sọ pé ẹni tó bá wá sórí ẹní òun, àlejò òun ni, àlejò ló ń kọ́kọ́ mu.

Múdà gbé ìgò sẹ́nu. Òùngbẹ ọjọ́ kan ló wà lọ́fun rẹ̀.

Ọ̀nà tó wà láàárín wa kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ. Èmi tí ohùn mi ń dé ibùdókọ̀ reluwé, mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Bí mo bá pariwo, gbogbo pápá yóò bi mí pé kí ló wà nínú sóbò náà. Àga yẹn wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ fún ara mi pé inú rẹ̀ á kàn run díẹ̀ ni, pé mo ní bákì mìíràn lórí bẹ́ńṣì. Mo ń wo gògóńgò ọmọ náà bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ìsàlẹ̀ ìgò ló ṣẹ́ kù fún Làtífù.

Eré kò tíì lọ jìnnà lẹ́yìn ìsinmi nígbà tí Múdà wá bá mi létí pápá. Òógùn bò ó.

"Kóòṣì, ojú mi ń ṣú, sà."

Mo ní kó jókòó. Kò tíì jókòó tó fi ṣubú. Ọkọ̀ kóòṣì Ìkẹjà ni a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé gan-an, di apá mi mú.

"Bàbá, kí ló mu? Tá a bá mọ̀ ọ́n, a máa mọ ohun tá a máa ṣe."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ rò ó dáadáa, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní mi ò mọ̀."

Múdà kú kí bàbá rẹ̀ tó dé. Inú Làtífù ń dà rú, ṣùgbọ́n ó yè é, òun ló sì sọ ẹni tó fún òun ní sóbò. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, mi ò bá wọn jiyàn. Ní kóòtù, dókítà náà sunkún. Ó ní bóyá ìbá yè, ká ní mo sọ̀rọ̀. Orí gbólóhùn yẹn ni adájọ́ dúró sí jù.

Bàbá Múdà wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀wọ̀n. Mo rò pé èébú ni yóò bù mí, mo sì fẹ́ kó bú mi. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kóòṣì, wọ́n ní dàbínù rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì, kò fọwọ́ kàn án. Kí ló gbé e dé orí ẹní ẹlẹ́ní?"

"Èmi ni mo ní kó má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làtífù, sà."

Ó mi orí. "Ẹ̀yin lẹ rán an. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Mo ní ibi tẹ́ ẹ bá ní kó dúró sí, ibẹ̀ ló máa dúró sí."

Ó dìde, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ládàánì bá ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé omi tó bá wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ pé ẹni tó bá wà nípò mi máa ń sọ fún ọmọdé pé kó gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Bí kóòṣì yín bá kọ́ yín ní ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún rẹfirí, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ máa lọ sílé. Kó pè yín ní ojo, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dàgbà di kóòṣì, tí ẹ rí ohun búburú tó ń lọ sẹ́nu ẹnì kan, ọ̀tá yín ni o, ará yín ni o, ẹ pariwo, kí ojú tì yín lójú gbogbo ayé. Ìtìjú tí mo sá fún lọ́jọ́ náà ìbá ti kúrò lára mi nísinsìnyí. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, Múdà ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu jù, òun ni mo sì pa.